ORÚKỌ ÀTI ÌSỌ̀RÍ ÈPÒ OMI NÍ ÈDÈ YORÙBÁ: ÀPẸẸRẸ LÁTI ÌLỌRIN ÀTI ODÒ ỌYA

1.0 Ìfáárà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò àwọn ewéko tí ó máa ń gba ojú omi aláìníyọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, kí ó sì dábàá bí wọ́n ṣe lè pín wọn sí ìsọ̀rí àti bí wọ́n ṣe lè sọ wọ́n lórúkọ ní èdè Yorùbá. Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní orúkọ fún ewéko inú omi. Ojúoró àti òṣíbàtà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ọfọ̀ tàbí àdúrà àwọn àgbà rí, nítorí pé méjèèjì ni wọ́n fi ń tọrọ pé kí ènìyàn máa lékè ìṣòro rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lékè omi. Ìṣòro tí ó wà ni pé orúkọ méjèèjì yìí ni àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ń nà dé orí gbogbo ohun tútù tí wọ́n bá rí lójú omi.

Bí ìwé ìkìlọ̀ kan bá pe ewéko kan ní òṣíbàtà nígbà tí kì í ṣe òṣíbàtà, ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé náà lè fa ohun tí kò ṣe é ní ibi tu, kí ó sì fi ohun tí ó ń ba odò rẹ̀ jẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ orúkọ níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan. Ọ̀rọ̀ omi mímu, ọ̀rọ̀ ẹja àti ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dúró lé ni pé bí èpò kan ṣe ń dúró nínú omi ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìsọ̀rí rẹ̀, nítorí pé ìdúró náà ni ó ń tọ́ka sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kápá rẹ̀.

1.1 Iṣẹ́ àwọn aṣáájú

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tí ó ṣeé kọ́ ilé lé lórí. Ní ọdún 1937 ni Dalziel tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí àwọn ewéko tí ó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kọ orúkọ ìbílẹ̀ púpọ̀ sínú rẹ̀. Ní ọdún 1984, Gbile gbé àkójọ orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá jáde láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Ní ti ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984 kan náà ni apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé náà sì dá lé. Àkójọ orúkọ nìkan kò tó fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: ó nílò ọ̀rọ̀ ìperí tí yóò fi sọ ìbátan tí ó wà láàárín àwọn ohun tí a sọ lórúkọ. Ní apá yìí ni àpilẹ̀kọ yìí ti fẹ́ ṣe ìrànwọ́.

2.0 Kí ni èpò?

Èpò kì í ṣe ìdílé ewéko kan. Orúkọ ìbátan ni, bí ọ̀tá ti jẹ́ orúkọ ìbátan: kò sí ẹni tí a bí ní ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ewéko tí a dá ní èpò. Àgbàdo tí ó bá lalẹ̀ hù láàárín oko ẹ̀wà di èpò lójú ẹni tí ó gbin ẹ̀wà. Ohun tí ó sọ ewéko di èpò ni pé ó wà níbi tí iṣẹ́ ènìyàn kò ti fẹ́ ẹ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú omi. Koríko kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ń jẹ́ Echinochloa stagnina. Ní àgbègbè odò Ọya ní orílẹ̀-èdè Mali, àwọn darandaran mọ̀ ọ́n sí búrúgú, oúnjẹ pàtàkì ni ó sì jẹ́ fún màlúù wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko yìí kan náà ni ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì ń kọ́ àwọ̀n lẹ́sẹ̀ ní adágún Kaínjí. Oúnjẹ ni lójú darandaran. Èpò ni lójú apẹja.

Láti ibí yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ewéko omi: gbogbo ewéko tí ó ń gbé nínú omi tàbí lójú omi, yálà ó dára fún ènìyàn tàbí kò dára. Èkejì ni èpò omi: ewéko omi tí ó ń dí ìlò omi lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ mímu, ìpẹja, ìwakọ̀, ìbomirinlẹ̀ tàbí ìpèsè iná mànàmáná. Ẹ̀kẹta ni koríko omi, tí ó yẹ kí ó dúró fún àwọn ewéko omi tí ó jẹ́ ìdílé koríko gan-an, àwọn tí ewé wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí pòròpórò wọn sì ní ìkókó. Kò tọ̀nà láti pe ojúoró ní koríko omi.

3.0 Ibùgbé èpò omi

Èdè Yorùbá lọ́rọ̀ ní orúkọ omi. Odò ni omi tí ń ṣàn ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ìsun ni orírun rẹ̀. Ọ̀gọ̀dọ̀ ni omi tí ó dá rogún sójú kan tí kò sì tóbi. Àbàtà ni ilẹ̀ tí omi rin gbingbin tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Adágún ni omi ńlá tí ó dúró. Ní ti odò tí ènìyàn bá fi ògiri sé, dáàmù ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ìlọrin, láti ọjà dé ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti fìdí múlẹ̀, kò sì sí èrè nínú lílé e jáde.

Ìlọrin ní gbogbo ẹ̀yà omi wọ̀nyí. Odò Asà gba àárín ìlú kọjá láti gúúsù lọ sí àríwá, ó sì ń gba àwọn odò kéékèèké mọ́ra nínú ìlú, irú bí Àgbà, Àlùkò àti Alálùbọ́sà. Omi rẹ̀ a máa bá odò Àwún pàdé, a sì máa dé odò Ọya níkẹyìn. Dáàmù wà lórí odò Asà ní gúúsù ìlú, òmíràn wà lórí Àgbà, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Ìlọrin náà ní dáàmù tirẹ̀ lórí odò Ọ̀yun. Ọ̀gọ̀dọ̀ àti adágún ẹja tí àwọn ènìyàn gbẹ́ kún ilẹ̀ náà. Àwọn olùgbin ẹ̀fọ́ ń bomi rin ewébẹ̀ wọn láti inú odò wọ̀nyí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, alágbàfọ̀ ń fọ aṣọ níbẹ̀, omi ìdọ̀tí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ náà sì ń ṣàn wọ inú wọn.

Omi tí ń sáré kò fẹ́ràn èpò. Ibi tí omi bá ti dúró, tàbí tí ó ń rọra lọ, ni èpò omi ti ń rí ààyè. Nítorí náà, gbogbo dáàmù tuntun jẹ́ ilé tuntun fún èpò omi.

4.0 Ìsọ̀rí mẹ́rin

Ìbéèrè méjì péré ni olùkọ́ nílò láti fi pín èpò omi. Ǹjẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi? Níbo ni ewé rẹ̀ wà: lábẹ́ omi, lójú omi, tàbí lókè omi? Láti inú ìdáhùn ni ìsọ̀rí mẹ́rin ti jáde. Ọ̀nà tí Yorùbá fi ń dá orúkọ olùṣe sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ̀dá orúkọ àwọn ìsọ̀rí náà, ìyẹn ni mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ṣáájú àpólà ìṣe, bí ó ti rí nínú apẹja àti akọrin.

4.1 Èpò aléfòó. Èyí ni èpò tí ó léfòó láìsí ohun tí ó so ó mọ́ ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n, láti inú omi gan-an ni ó sì ti ń fa oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ni ó ń gbé e kiri. Ojúoró, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn jẹ́ Pistia stratiotes, ni olórí àpẹẹrẹ.

4.2 Èpò atẹ́wé. Gbòǹgbò eléyìí wà nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ewé rẹ̀ sójú omi bí ẹni tẹ́ ẹní. Ọ̀pá ewé gígùn ni ó so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Òṣíbàtà, tí ó jẹ́ Nymphaea lotus, ni àpẹẹrẹ rẹ̀.

4.3 Èpò afarasin. Abẹ́ omi ni gbogbo ara èyí wà. Ẹni tí ó dúró létí odò lè má rí i, ṣùgbọ́n àwọ̀n àti ìwọ̀ yóò rí i. Ceratophyllum demersum, tí ewé rẹ̀ rí wínníwínní bí ìrù ẹranko, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí kò ní gbòǹgbò, síbẹ̀ kò lè jẹ́ aléfòó, nítorí pé abẹ́ omi ni ewé rẹ̀ ń gbé. Níhìn-ín, ipò ewé ni ó borí nínú ìbéèrè méjèèjì.

4.4 Èpò adúródò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, ara rẹ̀ wà níta. Làbẹ̀làbẹ̀ etí odò, tí ewé rẹ̀ mú bí abẹ, wà ní ìsọ̀rí yìí, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà Typha tí orí wọn rí bí ọ̀pá tí a wé òwú mọ́. Ìrẹsì inú àbàtà náà jẹ́ adúródò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè é ní èpò ní Pàtígì tàbí Lafiagi.

Ààlà ìsọ̀rí wọ̀nyí kì í ṣe ògiri. Búrúgú tí a mẹ́nu bà lókè ń ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ bí adúródò, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń kún, pòròpórò rẹ̀ ń gùn tẹ̀ lé omi, ó sì ń tẹ́ sójú omi. Kí olùkọ́ má ṣe fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti ta gbòǹgbò, kí ó sì wá sọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí omi bá kún.

5.0 Ìlọ́ràájù omi

Èéṣe tí èpò fi ń pọ̀ lójijì nínú omi tí ó ti wà tipẹ́? Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ ń lò lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tí oúnjẹ ewéko pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ohun tí wọ́n ń fi sí ilẹ̀ kí ó lè lọ́ràá ni ajílẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń jí ilẹ̀. Bí òjò bá wọ́ ajílẹ̀ láti inú ọgbà ẹ̀fọ́ lọ sínú odò, omi ni yóò jí. Èròjà náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ajílẹ̀, nínú ìgbẹ́ ènìyàn àti ẹranko, àti nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ, oúnjẹ ewéko ni gbogbo wọn.

Omi ọlọ́ràá ni ọ̀rọ̀ tí ó bá irú omi bẹ́ẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra kan pọn dandan. Létí Yorùbá, ọ̀rọ̀ rere ni ọ̀rá ilẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ ń tọrọ ni. Bí olùkọ́ bá sọ pé odò Asà lọ́ràá, akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ̀. Nítorí náà, ìlọ́ràájù omi ni a dábàá fún bí omi ṣe ń gba oúnjẹ ewéko ju èyí tí ó lè rù lọ. Mọ́fíìmù -jù gbé àṣejù inú rẹ̀ síta, bí ó ti rí nínú àjẹjù àti àsọjù.

Àbájáde rẹ̀ lórí ẹja ṣeé ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí èpò aléfòó bá bo ojú omi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní lè wọ ìsàlẹ̀, àwọn ewéko abẹ́ omi tí ń tú ọ́síjìn sínú omi lọ́sàn-án kò sì ní lè ṣe iṣẹ́ wọn mọ́. Èkejì, afẹ́fẹ́ òkè kò ní lè fẹ́ sí omi dáadáa. Ẹ̀kẹta, èpò tí ó kú yóò rì, yóò sì máa jẹrà, ìjẹrà náà yóò sì máa lo ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù. Òkú ẹja tí ó léfòó ní òwúrọ̀ kì í ṣe àmì májèlé ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ pé ọ́síjìn ni ó tán lóru.

6.0 Ẹ̀rí láti Kaínjí

Bí ìsọ̀rí mẹ́rin yìí ṣe wúlò tó hàn nínú ìtàn adágún Kaínjí. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọya, tí adágún náà sì kún ní ọdún 1968, Borgu wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọdún 1991 ni ó tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 1,270 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ̀rù ń ba àwọn onímọ̀ nígbà náà nítorí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní adágún Kariba lórí odò Zambezi, níbi tí èpò aléfòó kan, Salvinia molesta, ti bo nǹkan bí 1,000 kìlómítà níbùú lóròó ní ọdún 1962. Ojúoró wà ní odò Ọya tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò dá a dúró?

Omi fúnra rẹ̀ ni ó dá a dúró. Lọ́dọọdún ni omi Kaínjí máa ń fà sísàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 10 kí ó tó tún kún. Nígbà tí omi bá fà, ojúoró tí ó wà létí adágún yóò gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, oòrùn yóò sì gbẹ ẹ́ pa, nítorí pé kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀ tí yóò fi fa omi. Ìfà omi kan náà ni ó ṣe búrúgú lóore. Ilẹ̀ etí adágún tí omi fi sílẹ̀ ni ó ti ń rí ibi ta gbòǹgbò sí, bí omi bá sì padà dé, yóò bá omi gòkè.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣe kedere. Ohun tí ó pa aléfòó ni ó bọ́ ẹni tí ó ń ta gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì kò lè rí ẹ̀kọ́ yìí, kò sì lè fi kọ́ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó ń ṣe iṣẹ́ lórí ẹja omi aláìníyọ̀ ní Bussa Tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí adágún Kaínjí, wà lára àwọn tí ó ti ń ṣe ìwádìí lórí èpò wọ̀nyí láti ọdún pípẹ́.

7.0 Àjèjì kan àti orúkọ rẹ̀

Ní ọdún 1984 ni àwọn ènìyàn rí ewéko kan ní ojú omi Àgbádárìgì, tí ó gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tàn ká àwọn odò etíkun, ó sì dé odò Ọya àti adágún Kaínjí. Eichhornia crassipes ni orúkọ Látìn tí ọ̀pọ̀ ìwé fi mọ̀ ọ́n; láti ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ewéko ti dábàá pé Pontederia crassipes ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Ó hàn gbangba pé orúkọ Látìn pàápàá ń yí padà bí ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Agbára ewéko yìí wà nínú bíbí ọmọ. Ìtàkùn kékeré ni ìyá máa ń nà sí ẹ̀gbẹ́, ọmọ yóò sì hù ní orí rẹ̀. Bí ipò omi bá bá a lára mu, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí olùkọ́ ìṣirò kíyè sí i: bí ẹyọ kan bá ń di méjì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, yóò di 1,024 ní ogún ọ̀sẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, irúgbìn rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìfà omi nìkan kò fi lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

7.1 Orúkọ tí kò yẹ

Ó wọ́pọ̀ kí àwọn atúmọ̀ èdè pe àjèjì yìí ní òṣíbàtà. Àṣìpè ni. Ewé òṣíbàtà tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, ó sì là láti etí dé ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ọn. Òdòdó rẹ̀ funfun, òru ni ó sì máa ń là. Àjèjì náà ní ewé dídán tí ó dìde sókè omi, ọ̀pá ewé rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ elésè-àlùkò pẹ̀lú àmì òfeefèé kan láàárín. Òṣíbàtà jẹ́ atẹ́wé. Àjèjì yìí jẹ́ aléfòó. Èdè Haúsá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní Ìlọrin, ya ojúoró àti òṣíbàtà sọ́tọ̀ gedegbe: kainuwa ni ojúoró, bado sì ni òṣíbàtà. Kò yẹ kí Yorùbá, tí ó ní orúkọ méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, wá sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ènìyàn tàbí ti ìgbà. Èyí ṣẹlẹ̀ sí èpò ilẹ̀ kan, Chromolaena odorata, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ sí ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ ìtàn ìgbà tí ewéko gbilẹ̀ ní ìlú, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ìwà rẹ̀. Kò sì yẹ fún ìwé ẹ̀kọ́.

7.2 Àbá

Àpẹẹrẹ tí ó dára wà nínú orúkọ ẹ̀fọ́. Yorùbá ní tẹ̀tẹ̀, ó sì ní tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ ìdílé, èkejì sọ àmì ìyàtọ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí, ojúoró elésè-àlùkò ni a dábàá fún àjèjì náà. Orúkọ yìí fi í sí àárín àwọn aléfòó níbi tí ó yẹ, ó sì fi òdòdó yà á sọ́tọ̀. Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí wọn kò fi lo ọ̀pá ewé tí ó wú. Ìdí ni pé bí èpò náà bá ti há mọ́ ara wọn, ọ̀pá ewé náà a máa gùn, kì í sì í wú bíi ti tẹ́lẹ̀. Òdòdó kì í yí àwọ̀ padà báyìí.

Òfin kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: ojúoró láìsí àfikún gbọ́dọ̀ dúró fún Pistia stratiotes nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì gé orúkọ kejì kúrú.

8.0 Ìkápá èpò omi

Níhìn-ín ni àǹfààní ìsọ̀rí ti hàn jù lọ.

Aléfòó ṣeé fi igi tàbí okùn dè lọ́nà kí ó má baà dé ẹnu ẹ̀rọ tí ń fa omi, ó sì ṣeé wọ́ jọ sí etí odò. Atẹ́wé kò ṣeé tì. Ewé tí wọ́n bá gé yóò tún hù, àfi bí wọ́n bá hú ìdí rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Afarasin a máa já sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì lè tún hù níbi tí omi bá gbé e dé. Nítorí náà, gígé e láìkó o lè jẹ́ fífọ́n ọn ká. Adúródò ń tẹ̀ lé ilẹ̀ tí omi ò jìn lórí rẹ̀; jíjẹ́ kí etí adágún jìn ni ó ń dín in kù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kó ojúoró elésè-àlùkò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Ẹrù 100 kìlógíráàmù tí wọ́n gbé jáde kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 5 lọ bí ó bá gbẹ. Kí wọ́n kó o jìnnà sí odò, kí òjò má baà dá a padà. Ó sì ṣeé sọ di ajílẹ̀ fún oko.

Oògùn apèpò ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n èpò tí ó kú lójú kan náà yóò rì, yóò jẹrà, yóò sì lo ọ́síjìn bí a ti sọ ṣáájú. Omi tí àwọn ènìyàn ń mu, bíi ti dáàmù Asà, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè da oògùn sí bí ó ti wù ú.

Ọ̀nà mìíràn ni ìfi-kòkòrò-kápá-èpò. Ní orílẹ̀-èdè Benin láti ọdún 1991, àti ní Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ tú kòkòrò Neochetina sílẹ̀ sórí ojúoró elésè-àlùkò. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ilé èpò náà gan-an, ni kòkòrò yìí ti wá. Àgbà rẹ̀ ń họ ojú ewé jẹ, ọmọ rẹ̀ sì ń gbẹ́ ihò sínú ọ̀pá ewé. Kì í sáré parí iṣẹ́, ọdún díẹ̀ ni ó ń gbà. Kòkòrò yìí kì í pa òṣíbàtà, kì í sì í pa ojúoró. Kòkòrò ti ojúoró ni Neohydronomus affinis. Bí ìwé àlàyé bá sọ fún àwọn ará odò pé kòkòrò kan wà tí ń pa òṣíbàtà, wọn yóò dúró títí kí òṣíbàtà kú, yóò sì dà bí ẹni pé irọ́ ni àwọn onímọ̀ pa.

9.0 Èpò omi àti ìlera

Ọ̀nà méjì ni èpò omi ń gbà bá ìlera pàdé. Àwọn ìgbín kéékèèké inú omi, tí ó gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá sínú, ń gbé lára ewéko omi, wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀. Èkejì ni ẹ̀fọn Mansonia: ọmọ rẹ̀ a máa fi ihò lu gbòǹgbò ojúoró lábẹ́ omi, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń mí. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo èpò létí odò Asà tàbí ti Ọ̀yun kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wọ inú omi. Kí ó fi ọ̀pá gígùn fa èpò náà wá sí etí.

10.0 Àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí

Ewéko omi: gbogbo ewéko tí ń gbé nínú omi tàbí lójú omi.
Èpò omi: ewéko omi tí ó ń dí ìlò omi lọ́wọ́.
Koríko omi: ewéko omi tí ó jẹ́ ìdílé koríko.
Èpò aléfòó: èyí tí ó léfòó láìta gbòǹgbò sílẹ̀.
Èpò atẹ́wé: èyí tí ó ta gbòǹgbò sílẹ̀, tí ó tẹ́ ewé sójú omi.
Èpò afarasin: èyí tí gbogbo ara rẹ̀ wà lábẹ́ omi.
Èpò adúródò: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, tí ara rẹ̀ wà níta.
Ìlọ́ràájù omi: kí oúnjẹ ewéko pọ̀ jù nínú omi.
Ojúoró: Pistia stratiotes nìkan.
Òṣíbàtà: Nymphaea lotus.
Ojúoró elésè-àlùkò: Pontederia crassipes, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Eichhornia crassipes.
Ìfi-kòkòrò-kápá-èpò: lílo kòkòrò tí ń jẹ èpò kan pàtó láti dín in kù.

11.0 Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé èpò jẹ́ orúkọ ìbátan, pé ìdúró ewéko nínú omi ni ìpìlẹ̀ tí ó dára jù fún ìsọ̀rí rẹ̀, àti pé ìsọ̀rí náà ń tọ́ka sí ọ̀nà ìkápá. Ó tún fi hàn pé èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ tí ó tó fún iṣẹ́ yìí: àfòmọ́ a-, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nípa ọ̀rá ilẹ̀, àti ọgbọ́n tí wọ́n fi ya tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kúrò lára tẹ̀tẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè. Kí wọ́n lọ sí etí omi àdúgbò wọn, kí wọ́n bi apẹja, alágbàfọ̀ àti olùgbin ẹ̀fọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe èpò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìsọ̀rí rẹ̀. Bí orúkọ àdúgbò kan bá wà tí ó ya àjèjì náà sọ́tọ̀ ju ojúoró elésè-àlùkò lọ, òun ni kí àbá yìí yàgò fún.